Ọmọ Àyálò Abà Àjàgbé

Aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Gáùn ọmọbìnrin aláwọ̀ ewé ni, ó há sára igi ẹlẹ́gùn-ún kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ògbóòrò, apá rẹ̀ kan ti fàya. Ràsáàkì, àgbà àgbẹ̀ tó tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní Abà Àjàgbé, ló rí i láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ bó ṣe ń lọ bẹ ebè iṣu rẹ̀ wò. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó já gáùn náà lára ẹ̀gún, ó sì fi igbe bọnu wọ àárín abà.

“Ajínigbé! Ajínigbé ti wọlé tọ̀ wá o!”

Ẹ̀yin ará ìlú ńlá lè máa rò pé ariwo lásán ni. Ẹ wá bá wa gbé ní Òkè-Ògùn níhìn-ín fún sáà kan kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́. Kò tíì sí ẹni tó béèrè pé ọmọ ta ni kí àwọn ìyá tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí àwọn tó ti dé oko tó sá padà wálé, kí wọ́n tó fa ewúrẹ́ pàápàá wọ inú yàrá. Abà tó ń pariwo láti ìdájí dákẹ́ lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló wá ń bani lẹ́rù ju ariwo lọ.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan sáré dé láti Abà Alápó tó wà lódìkejì odò, kò wọ bàtà, gèlè rẹ̀ ti bọ́ sọ́nà. Àwáwù ni wọ́n ń pè é. Sodiqat ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò sùn nílé. Ó ti wá a dé ilé Alfa, ó ti wá a dé odò. Bó ṣe fojú kan gáùn tó wà lọ́wọ́ Ràsáàkì, ó ṣubú lulẹ̀.

“Yéè! Wọ́n ti gbé e! Wọ́n ti gbé ọmọ mi lọ!”

“Àwọn tó wá ka ọmọ lánàá ló fà á!” Ràsáàkì ń pariwo, ó ń na ọwọ́ sójú ọ̀run. “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Bàbá mi Àjàgbé tó tẹ ibí yìí dó kò ka ọmọ rẹ̀ títí tó fi kú. Wọ́n wá láti Ìbàdàn, wọ́n ń nàka sí ọmọ wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ rí i báyìí?”

Oòrùn ti ń mú nígbà tí mọ́tò ọlọ́pàá kan dé láti Ṣakí. Insípẹ́kítọ̀ Mọ́ládé Akíntọ́lá ló sọ̀ kalẹ̀, òun àti Kọ́púrà Débọ́lá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Mọ́ládé, kì í tètè sọ̀rọ̀. Àwọn olè Ṣakí a máa sọ pé ojú rẹ̀ ni kéèyàn sá fún, ká má sọ ìbọn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun náà lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́ fún yín. Ó mọ̀ pé bí ajínigbé bá mú ọmọ wọ igbó, bí wákàtí ṣe ń gorí wákàtí ni ìrètí ń tán lọ.

Ó kọ́kọ́ gba gáùn náà. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo abíyá rẹ̀, ó gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ló tọ Àwáwù lọ, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀.

“Ìyá Sodiqat, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ìbànújẹ́. Ṣé ilé-ìwé yìí ni Sodiqat ń lọ ni?”

“Rárá o, Màdáámú. Ilé-kéú Alfa Kàdírì lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún ló ń lọ.”

“Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé aṣọ rẹ̀ nìyí?”

Obìnrin náà gbójú sókè wo àwọn àgbà abà tó dúró yí wọn ká, ó sì tún wolẹ̀. “Àbúrò rẹ̀ ló sọ fún mi láàárọ̀ yìí. Ó ní wọ́n kó wọn wá síbí lánàá, wọ́n wọ gáùn tuntun fún wọn. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀. Nígbà tí Sodiqat ò wálé lálẹ́, mo ní ó ti sùn sílé Alfa. Ó máa ń sùn síbẹ̀.” Ó di ọwọ́ Mọ́ládé mú. “Màdáámú, ẹ dákun, ẹ bá mi wá a. Ọmọ yẹn ò lè dá wà nínú òkùnkùn. Àtùpà ni mo máa ń tàn sílẹ̀ fún un kó tó lè sùn.”

Mọ́ládé ò ṣèlérí kankan. Ó kàn fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì dìde lọ sí ilé-ìwé.

Ilé gígùn kan ni ilé-ìwé náà, òrùlé rẹ̀ ti dípẹtà, fèrèsé rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Ohun tuntun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni páànù tó ń dán yinrin tí wọ́n so sí ìdí òrùlé láti máa gba ọ̀sọ̀rọ̀ òjò, ó nà lọ tààrà sí ẹ̀yìnkùlé. Ọlátúnjí, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ti ń retí wọn ní ọ́fíìsì rẹ̀. Òógùn bò ó bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ṣakí.

“Ọ̀gá, irú eré wo lẹ ṣe níbí lánàá?” Mọ́ládé bi í.

“Màdáámú, ẹ ṣàánú mi. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé nìjọba ń wò kí wọ́n tó fún un ní nǹkan. Olùkọ́ o, àga o, owó àtúnṣe o, orí iye ọmọ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn ọmọ wa sì ń dín kù. Ẹ̀rù ti lé àwọn òbí kan lọ sí Ṣakí, àwọn mìíràn ò jẹ́ kí ọmọ wọn jáde mọ́. Bí ọmọ ṣe ń dín kù ni wọ́n ń kó olùkọ́ kúrò, bí wọ́n ṣe ń kó olùkọ́ kúrò ni òbí ń kó ọmọ lọ. Wọ́n wá ní èyí tí ọmọ rẹ̀ ò bá tó nǹkan, àwọn á tì í pa, kí àwọn ọmọ máa lọ sí Ògbóòrò. Àná ni wọ́n wá kà wọ́n.”

“Ẹ wá lọ yá ọmọ ọlọ́mọ.”

Ọlátúnjí ò lè wo ojú rẹ̀. “A yá wọn, Màdáámú. A bẹ Alfa Kàdírì, ó sì yọ̀ǹda àwọn ọmọ kéú rẹ̀. Wàsíù fi ọkọ̀ iṣu rẹ̀ kó wọn wá, a sì ní kó tún kó wọn padà ní kété tí àwọn àlejò bá lọ. Kò sí ìyà tó jẹ ẹnì kankan. A tiẹ̀ ṣe ẹ̀wà fún wọn.”

“Ta ló rán aṣọ?”

“Bàbá Àyìnkẹ́, ìyẹn Bàbá Ràsáàkì, alága wa. Àpò ara wọn ni wọ́n fi rán an. Inú kíláàsì la ti bọ́ aṣọ ilé lára àwọn ọmọ, tí a wọ gáùn àti ṣẹ́ẹ̀tì fún wọn. Nígbà tí àlejò lọ, a ní kí kálukú bọ́ ọ padà kó tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀yìnwá ọ̀la la ń wò. Wọ́n ṣì lè tún padà wá kà wá.”

“Gbogbo wọn ló bọ́ ọ?”

“Gbogbo wọn. Ẹ wò ó, inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí ló wà, àwọn tó ṣẹ́ kù tí ẹnì kan ò wọ̀ náà wà níbẹ̀. Èmi àti Bàbá Àyìnkẹ́ nìkan la ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.”

Mọ́ládé gbé gáùn tó fàya náà sórí tábìlì. Ọlátúnjí wá gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti bọ́ gáùn lára gbogbo ọmọ kí wọ́n tó wọkọ̀, báwo ni gáùn ṣe rìn dé ojú ọ̀nà Ògbóòrò?

“Màdáámú, mo fi Kùránì búra, èmi kọ́!”

“Mi ò tíì sọ pé ẹ̀yin ni. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má jáde.”

Wàsíù awakọ̀ ni wọ́n mú dé tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́kùnrin sánńgílítí ni, ó ti ń sunkún kó tó wọlé.

“Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là ń jẹ́, Màdáámú. Wọ́n ní kí n gbé ọmọ wá, mo gbé wọn wá. Wọ́n ní kí n gbé wọn lọ, mo gbé wọn lọ. Mi ò dúró lọ́nà rárá. Iwájú mọ́sálásí wọn ni mo já wọn sí, wọ́n sì túká.”

“Nígbà tí wọ́n ń wọkọ̀, ṣé o kà wọ́n?”

Ẹkún Wàsíù dá wáí. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó bú ìyá rẹ̀. “Ọmọ ọlọ́mọ kẹ̀? Ha! Iṣu ni mo máa ń kà, Màdáámú. Bí iṣu kan bá dín, màá mọ̀. Ta ló bí mi dáa tí màá fi máa nàka sí orí ọmọ ẹlẹ́ran-ara?”

Bákan náà ni Alfa Kàdírì wí nígbà tí wọ́n pè é wọlé. Àgbà tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, ó ń ka tẹ̀súbáà ọwọ́ rẹ̀. “Ọmọ mi, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye wọn. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó ti kù díẹ̀ kí a kírun Àsárì. Mo ní kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Mo rò pé Sodiqat ti lọ bá ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ rò pé ó wà lọ́dọ̀ mi.” Ó bojú. “Mo yọ̀ǹda ọmọ kéú nítorí kí wọ́n má ti ilé-ìwé pa. Mo rò pé oore ni mo ṣe.”

Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba ka àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń wọlé, kò sì sí ẹnì kan tó kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde. Bí iṣu ni wọ́n jẹ́ ni, Wàsíù ì bá ti mọ̀ kó tó dé odò.

Bí Alfa ṣe ń jáde ni Débọ́lá wọlé, ó di nǹkan kan mọ́wọ́. Híjáàbù pupa rẹ́súrẹ́sú kan ni, kékeré báyìí, ó ti ṣubú sẹ́yìn tábìlì nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ ti pàrọ̀ aṣọ. Wọ́n gbé e lọ fún Àwáwù. Kò tiẹ̀ gbà á tán tó fi gbá a máyà. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ etí rẹ̀ níbi tí iná àdògán ti jó o.

Mọ́ládé fa Débọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ gidigidi. “Ọmọ yẹn ò padà wá mú aṣọ ara rẹ̀. Kò wọkọ̀, Débọ́lá. Kò kúrò nínú ilé-ìwé yìí rárá.”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ẹ ò ní béèrè ohun tó wá sí wọn lọ́kàn. Wọ́n lọ sí ìdí kànga, Débọ́lá sọ okùn tó ní ìwọ̀ sísàlẹ̀, ó ń fà á káàkiri inú omi. Wọ́n lọ sí ṣáláńgá, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Àwáwù dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó di híjáàbù náà mọ́ ẹnu, kò sunkún mọ́. Nígbàkígbà tí okùn bá gòkè lófìfo, a tún sún mọ́ kànga díẹ̀ sí i. Wọn ò rí nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀ nígbà tí wọ́n pe Ràsáàkì. Mọ́ládé ò mú un wọ ọ́fíìsì, ìta gbangba lábẹ́ ìloro ilé-ìwé ló gbé àga fún un, lójú gbogbo ará abà. Afẹ́fẹ́ ti dúró jẹ́ẹ́, ooru sì mú kọjá bó ṣe yẹ.

“Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán aṣọ fún àwọn ọmọ. Ẹ ṣeun. Ìgbà wo lẹ rí Sodiqat kẹ́yìn?”

“Nígbà tó ń wọkọ̀ ni. Èmi fúnra mi ni mo dúró tì wọ́n. Mo kà wọ́n wọ inú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pé pérépéré. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti gbé e, Màdáámú. Ẹ jẹ́ ká kó àwọn ọdẹ wọgbó nísinsìnyí, ká má fi àkókò ṣòfò níbí.”

Ìkùnsínú bẹ́ láàárín èrò. Mọ́ládé ò yí ojú kúrò lára rẹ̀.

“Bàbá Àyìnkẹ́ ni wọ́n ń pè yín. Àyìnkẹ́ dà? Mi ò tíì rí i.”

Ràsáàkì yí ojú sí ọ̀nà Ògbóòrò. Ọlátúnjí ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi òkú. “Wọ́n gbé e lójú ọ̀nà Ògbóòrò, Màdáámú. Ọ̀hún ló ti ń kàwé nígbà yẹn, torí a ò ní olùkọ́ kíláàsì kẹfà. A ò rí i mọ́ dòní.”

Ìgbà náà ni àrá sán.

Ìkùukùu ti gba ojú ọ̀run láti ìlà-oòrùn láìjẹ́ pé ẹnì kan fura. Bí ẹ bá mọ àgbẹ̀ iṣu, ẹ mọ ohun tí òjò àkọ́rọ̀ jẹ́ fún wọn. Láti ìgbà ọyẹ́ ni iṣu ti wà nínú ebè gbígbẹ tí wọ́n ń wojú sánmọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù ọjọ́ yẹn náà, ìyá arúgbó kan gbójú sókè, ó ní “Alihamudulilaahi, òjò dé.” Àwọn ọkùnrin mí kanlẹ̀. Ràsáàkì nìkan ló fò dìde.

“Màdáámú, ẹ jẹ́ kí n sáré délé. Ewúrẹ́ mi wà níta.”

“Wọ́n ti fa ewúrẹ́ gbogbo abà wọlé láàárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní pẹ́...”

“Ẹ jókòó.”

Ẹ̀kán òjò kọ́kọ́ ta sórí páànù, tàù, tàù. Lẹ́yìn náà ló rọ̀ dà sílẹ̀ bí ẹni da ìkòkò omi. Ojú Ràsáàkì gòkè lọ sí òrùlé, ó sì ń tẹ̀ lé páànù tuntun yẹn lọ, lọ, lọ, títí ó fi dé ẹ̀yìnkùlé. Mọ́ládé bá ojú náà lọ.

“Bàbá, iṣu yín wà nínú ebè, òjò sì dé. Mi ò rí àgbẹ̀ iṣu tí òjò àkọ́rọ̀ ń bà lẹ́rù rí.” Ó kígbe mọ́ Ọlátúnjí. “Ọ̀gá! Níbo lomi òrùlé yìí ń lọ?”

“Inú tánkì ni, lẹ́yìn ilé olùkọ́ tó ti wó. Kò tíì gba omi rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ so páànù mọ́ ọn ni, kí àwọn tó wá ka ọmọ lè rí...” Ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu.

Ràsáàkì ti dọ̀bálẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ kan síwájú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ sáré! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sáré!”

Wọ́n sáré. Igbó ti bo ẹ̀yìn ilé olùkọ́, kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀. Omi ń ya láti ẹnu páànù wọ ojú ihò tánkì gbàràgbàrà. Kọ́kọ́rọ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Débọ́lá, ó he é nínú ẹrẹ̀, ó tún kì í bọ àgádágodo ìdérí. Àwáwù ti dé, ó ń fi ìkúùkù lu ara bíríkì. “Sodiqat! Sodiqat o!” Ẹnì kankan ò dáhùn láti inú.

“Ó ti kú,” ẹnì kan sọ lẹ́yìn wọn.

Ìdérí irin náà ṣí. Mọ́ládé tan tọ́ọ̀ṣì wọlé, omi dúdú ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí ojú méjì tó ń wò ó. Ọmọ náà fẹ̀yìn ti igun kan, omi ti dé àyà rẹ̀, gáùn aláwọ̀ ewé ń léfòó yí i ká, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀ pinpin. Kò ké. Débọ́lá bẹ́ sínú omi pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó sì gbé e sókè fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé abẹ́ ìloro, wọ́n fi aṣọ wé ọmọ náà, Alfa Kàdírì ń ka àdúrà sí i lórí, omijé ń ṣàn gba irùngbọ̀n rẹ̀. Òjò ń lu páànù tó fi jẹ́ pé Mọ́ládé ní láti gbé ohùn sókè.

“Gáùn tí ẹ gbé há ẹ̀gún ni mo kọ́kọ́ wò, Bàbá. Ọrùn rẹ̀ ò ní òógùn, kò ní eruku, ìlà tí wọ́n fi ká a ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ wo ló wọ aṣọ nínú ooru àná, tí wọ́n wọ́ ọ wọgbó, tí aṣọ náà á mọ́ bẹ́ẹ̀? Gáùn tí ẹnì kankan ò wọ̀ rí ni. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ti jáde, ẹ̀yin méjì péré lẹ sì ní kọ́kọ́rọ́. Mo wá rí híjáàbù, mo mọ̀ pé ọmọ ò wọkọ̀. Ẹ̀yin sì ní ẹ kà á wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo láàárọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Awakọ̀ ò kà wọ́n, Alfa ò kà wọ́n, wọ́n sì jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ kà wọ́n. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí ọmọ wà. Òjò ló sọ ọ́ fún mi.”

Ràsáàkì wà lórí eékún. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn.

“Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá,” ó wí. “Àlejò náà bi ọmọ yìí pé kíláàsì wo ló wà. Ó ní kíláàsì Alfa Kàdírì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń bọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé ó ti tán nìyẹn. Wọ́n á ti ibí pa, àwọn ọmọ tó kù á máa gba ọ̀nà Ògbóòrò. Ọ̀nà tí Àyìnkẹ́ mi gbà! Mo fa ọmọ náà lọ́wọ́, mo ní kó wá mu omi nídìí tánkì, mo sì tì í mọ́bẹ̀. Mo fẹ́ yọ ọ́ jáde bí wọ́n bá ti lọ. Nígbà tí mo padà lọ, ó ní òun á ròyìn fún ìyá òun. Ọkọ̀ sì ti lọ. Ọwọ́ mi ò gbà láti pa á, àyà mi ò gbà láti tú u sílẹ̀. Mo ju búrẹ́dì sí i, mo kó aṣọ ilé rẹ̀ pamọ́, mi ò mọ̀ pé híjáàbù ti ṣubú. Láàárọ̀ tí mo ní màá lọ ronú sí i, ẹ̀yin ti kún ilé-ìwé.”

“Ẹ ṣe ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ṣe tiyín,” Àwáwù sọ. Kò pariwo. Gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ.

Mọ́ládé mi orí. “Ohun kan ṣì wà tí kò yé mi. Láti àná ni ọmọ yìí ti wà níbẹ̀, tó sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Kí ló dé tí kò pariwo?”

Sodiqat yọ orí nínú aṣọ. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó sì ń wo gbogbo ìta lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

“Ṣé wọ́n ti lọ?” ó béèrè.

“Àwọn wo, ọmọ mi?”

“Ajínigbé. Bàbá ní wọ́n wà níta, pé wọ́n máa ń fi ohùn ìyá ẹni pe èèyàn. Bàbá ní bí mo bá pariwo, wọ́n á rí mi.”

Ọmọ náà rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó rìn dé ọ̀dọ̀ Ràsáàkì, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

“Ẹ ṣé, Bàbá,” ó wí. “Wọn ò rí mi.”

Ràsáàkì na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ kan orí rẹ̀, ó sì fà á padà. Débọ́lá ló dì í mú lápá kó má baà dojú bolẹ̀.